Mo dúró fún ará ìjọ wa, ó yáwó, kò san mọ́: ṣé kí n dákẹ́ nítorí ìgbàgbọ́?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Arákùnrin kan wà tí a jọ ń ṣe ìjọ kan náà, tí a sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà tẹ́lẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, wọ́n ní kó mú onídùúró wá, ó wá bá mi, mo sì fọwọ́ sí ìwé. Mo mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń ṣe déédéé. Ó san án díẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí ibòmíràn. Ìwé owó oṣù ni mo fi mọ̀: ìlà kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ owó orí, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ owó tí wọ́n yọ síwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lóṣooṣù.

Mo pè é, ó ní Olúwa ń ṣe é lọ́wọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo rí i pé ó kà á, kò fèsì. Ṣùgbọ́n bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi bọ̀ mí lọ́wọ́, yóò ní, "Àǹtí, Olúwa á dá a padà fún yín ní ìlọ́po ìlọ́po." Inú ọkọ mi ò dùn rárá. Ó ní owó ilé ìwé àwọn ọmọ wa ni mo fi ń san gbèsè ẹlòmíràn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá pásítọ̀ wa, wọ́n ní kí n dárí jì í, pé Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 ò fẹ́ kí onígbàgbọ́ máa pe onígbàgbọ́ lẹ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tirẹ̀ ní kí n gbé fọ́tò rẹ̀ síta, kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.

Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mi ò dì í sínú. Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì ń béèrè owó náà, ṣé ìdáríjì mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ ọkàn ni? Àwọn alájẹṣẹ́kù tún ti ní kí n sọ ibi iṣẹ́ tuntun tó wà fún àwọn. Mo mọ ibẹ̀. Ṣé kí n sọ?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ọlọ́run á tù yín nínú. Èmi ní kí ẹ fi sílẹ̀. Jésù sọ nínú Mátíù 5 pé bí ẹnìkan bá fẹ́ gba ẹ̀wù wa, ká fi èyí tó wà lókè rẹ̀ kún un fún un. Nínú Lúùkù 6, ó ní ká máa yáni láìretí àtigbà padà. Owó ń lọ, owó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí owó ba àárín yín àti ìjọ jẹ́.

Alàgbà Nínú Olúwa:
Ìyá Ìbejì, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Jésù ni, ta ló tó jiyàn sí i? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yá owó ara rẹ̀ jáde ni Lúùkù 6 ń bá wí pé kó lawọ́. Arábìnrin yìí ò yá ẹnikẹ́ni lówó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló fi dúró lórí owó àwọn ẹlòmíràn. Ibi tí Bíbélì ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà ni Òwe 6, ẹsẹ 1 sí 5. Ẹ kà á tìfarabalẹ̀. Ó ní bí o bá ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnìkejì rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ti mú ọ, nítorí náà lọ, rẹ ara rẹ sílẹ̀, bẹ ẹni náà gidigidi, má ṣe jẹ́ kí oorun kun ojú rẹ títí o fi gba ara rẹ sílẹ̀. Ẹ rí i pé "lọ" ló sọ. Kò sọ pé kí ó dákẹ́ jókòó. Ẹni tó bá sì ń fi ìbéèrè owó dá a lẹ́bi, Òwe 6 ló ń bá jiyàn.

Mo tún fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ohun kan. Àwọn èèyàn yóò ka Òwe 11:15 àti Òwe 22:26 sí ọ létí bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ lo dá. Ìkìlọ̀ ni ẹsẹ wọ̀nyẹn. Júdà dúró fún Bẹ́ńjámínì níwájú bàbá wọn nínú Jẹ́nẹ́sísì 43:9. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀, ní orí 44:33, ó ní kí wọ́n mú òun lẹ́rú dípò ọmọ náà. Hébérù 7:22 sì pe Jésù fúnra rẹ̀ ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú tó dára jù. Ojú àánú lo fi ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìtìjú fún ọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìdáríjì. Ọba inú Mátíù 18 tó fi gbèsè ńlá jin ìránṣẹ́ rẹ̀, owó tirẹ̀ ni. Gbèsè tó wà lọ́rùn arákùnrin yìí, ti ẹgbẹ́ ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló dá owó náà jọ. O ò lè fi ohun tí kì í ṣe tìrẹ jin ẹnikẹ́ni. Èyí tí o lè fi jìn ín ni iye tí wọ́n ti yọ lára owó oṣù rẹ. Bí o bá fẹ́ fi ìyẹn jìn ín, ẹ̀bùn ni, ìwọ àti ọkọ rẹ ni kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí i, torí owó ilé yín ni. Kò sí ẹni tó lè pa á láṣẹ fún ọ, pásítọ̀ pàápàá kò lè pa á.

Ìyá Ìbejì:
Alàgbà, mo gbọ́. Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ pé owó ẹgbẹ́ ni. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ ṣáájú.

Olùkọ́ Bíbélì:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan Kọ́ríńtì Kìíní 6 yẹn, torí mo ti rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́, ó sì máa ń dùn mí. Ohun tó bí Pọ́ọ̀lù nínú ni pé wọ́n ń gbé ẹjọ́ ara wọn lọ síwájú aláìgbàgbọ́. Ẹ ka ẹsẹ 5: ó béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tó lè dá ẹjọ́ láàárín arákùnrin àti arákùnrin. Ìjọ ló bá wí, pé kí ìjọ jókòó gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì dá a. Ìjọ tó bá ní "ẹ má lọ sí kóòtù" tí kò sì fẹ́ gbọ́ ẹjọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ló gbà. Òótọ́ ni pé ẹsẹ 7 béèrè pé èé ṣe tí a ò kúkú gba ìyà náà. Ẹsẹ 8 ló tẹ̀ lé e ní kíá: ẹ̀yin fúnra yín ń rẹ́ni jẹ, àwọn arákùnrin yín sì ni. Ta ni ẹsẹ 8 ń bá wí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni.

Ẹ tún ṣí ìwé Fílémónì, ojú ìwé kan péré ni. Ónésímù ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ní ẹsẹ 18 àti 19, kò sọ fún Fílémónì pé "onígbàgbọ́ ni ọ́, gbàgbé owó náà." Ó ní bó bá jẹ ọ́ ní ohunkóhun, ka á sí mi lọ́rùn, èmi Pọ́ọ̀lù ló fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, èmi yóò san án. Àgbà tó bá ń ṣìpẹ̀ fún ajigbèsè, àpẹẹrẹ tirẹ̀ rèé. Mo ń sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni o, mi ò mọ pásítọ̀ yín, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Ẹ wo opó inú Àwọn Ọba Kejì 4 náà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì, ó bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin méjèèjì lẹ́rú. Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ìyanu, òróró kún gbogbo ohun èlò tó yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Kí ni Èlíṣà ní kó ṣe? Ẹsẹ 7: lọ ta òróró, san gbèsè rẹ, kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ máa fi èyí tó kù gbọ́ bùkátà. Owó iṣẹ́ ìyanu pàápàá, ọ̀dọ̀ olówó ló kọ́kọ́ gbà lọ. Nítorí náà, bí arákùnrin bá tún ní Olúwa á dá a padà fún yín, ẹ rọra ka ẹsẹ yẹn fún un.

Òṣìṣẹ́ Alájẹṣẹ́kù:
Àǹtí, irú iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ gbèsè náà lónìí: iye tó yá, iye tó ti san, iye tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ yín, iye tó kù, àti bóyá èlé ṣì ń gun orí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ dúró fún un, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í gba onídùúró kan ṣoṣo. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ sí i, kò yẹ kí gbogbo ẹrù já lé yín nìkan lórí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù kù, kí wọ́n fa ọjọ́ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí èyí máa fi kún èlé. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù tí ìlà yẹn wà. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà pé onídùúró tó bá san gbèsè lè gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó dúró fún, àmọ́ ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè.

Ní ti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ tó sì lọ láìsọ ibi tó wà, òun ló ṣe ohun tí kò tọ́. Bí ẹ bá dáhùn ìbéèrè wọn, ẹ ò dalẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ẹ máa sọ ọ́, kí ẹ fún un láyè kó fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Wọn:
Mo fara mọ́ gbogbo yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún arákùnrin náà. Mo ní àbúrò tí gbèsè mú rí. Òun náà máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i, kì í fèsì. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ojú ló ń tì í, gbogbo iye owó náà ló sì máa ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wọn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ẹni tó la àbúrò mi lójú kò béèrè gbogbo owó. Ó jókòó tì í, ó ní, "Èló lo lè mú wá lóṣù yìí, kó kéré bó ti wù kó kéré?" Ìyẹn ló já a.

Ti fọ́tò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Nínú Diutarónómì 24:10 àti 11, Ọlọ́run kọ̀ fún ẹni tó yáni lówó pé kó má wọ ilé ajigbèsè lọ mú ohun ìdógò; ìta ni kó dúró sí kí ajigbèsè fúnra rẹ̀ mú un jáde wá. Ó jẹ gbèsè lóòótọ́, síbẹ̀ Ọlọ́run ò fẹ́ kí wọ́n já ìlẹ̀kùn iyì rẹ̀ wọlé. Ó níyàwó, ó lọ́mọ, àwọn náà á rí fọ́tò yẹn.

Alàgbà Nínú Olúwa:
Ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ yẹn. Arábìnrin, ìlànà Mátíù 18:15 sí 17 ni kó o tẹ̀ lé. Kì í ṣe orí fóònù, kì í sì í ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ jókòó, ìwọ àti òun. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan tàbí méjì lọ, kí ọkọ rẹ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ìjọ. Ní gbogbo àsìkò yìí, má sá fún àwọn alájẹṣẹ́kù o. Sáàmù 15:4 yin ẹni tó búra sí ibi ara rẹ̀ tí kò sì yí padà. Ọ̀rọ̀ rẹ wà lọ́wọ́ wọn.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Èmi àti ọkọ mi lọ bá a nílé. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mi ò bá a jà, pé wọ́n ti béèrè ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, àti pé mo máa dáhùn. Ó dákẹ́ títí. Ìyàwó rẹ̀ ló sunkún, a ò mọ̀ pé kò tilẹ̀ mọ̀ nípa gbèsè náà. Ọkọ mi ló béèrè ìbéèrè tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, ó sì sọ iye kan. Kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi. Ó ti lọ rí àwọn alájẹṣẹ́kù fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ sí i pé òun á máa san án síbẹ̀ tààrà. Èyí tó kù ṣì wà lọ́rùn mi, kò sì rọrùn. A wò ó, onídùúró kejì wà nínú ìwé lóòótọ́, wọn ò tíì kàn sí i. Ní ti èyí tí wọ́n ti yọ sẹ́yìn, èmi àti ọkọ mi ṣì ń gbàdúrà lé e, a ò tíì fẹnu kò. Pásítọ̀ wa ní àwọn á pe àwa méjèèjì jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òṣìṣẹ́ Alájẹṣẹ́kù:
Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ sí yẹn, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n dín èyí tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín kù láti oṣù tó bá kọ́kọ́ san. Wọn kì í sábà dín in kù fúnra wọn. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání lọ síwájú pásítọ̀ náà.