Báwo ni mo ṣe lè ráyè dákẹ́ níwájú Olúwa ní ìdájí, nígbà tí n kò lè pa fóònù mi?

Olùbéèrè, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Aago 5 ìdájí ni mo máa ń jí láti ka Bíbélì kí n sì gbàdúrà kí àwọn ọmọ tó jí, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wàhálà ilé àti ti ọjà kì í jẹ́ kí ọkàn mi pa pọ̀ mọ́. Inú fóònù ni Bíbélì tí mò ń kà wà. N kò ní tíì ka ẹsẹ mẹ́ta tán tí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóònù yóò fi já wọlé pé kí n wá ra dátà ẹ̀dínwó, yóò sì bo ibi tí mò ń kà mọ́lẹ̀. Kí n tó gbá ìyẹn kúrò, ẹgbẹ́ akọrin wa lórí WhatsApp yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ìkíni òwúrọ̀ ránṣẹ́, tí oníkálukú yóò sì máa ṣe "Àmín" lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kí n kúkú pa fóònù náà, ṣùgbọ́n ìyá mi ti lé ní ẹni 80 ọdún, òun nìkan ló ń gbé ní abúlé, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fínra. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ pa dátà nìkan kí ẹ tó sùn, ẹ má pa fóònù. Ìpè yóò máa wọlé, ṣùgbọ́n WhatsApp kò ní lè mí. Ẹ ti gba Bíbélì náà sínú fóònù pátápátá ṣáájú, kí ó lè ṣí láìsí dátà. Bí ẹ kò bá fẹ́ máa pa dátà, ẹ wọ inú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ tẹ Mute, ẹ yan Always. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Òṣogbo:
Ẹ̀gbọ́n, pípa dátà kò ní dá àtẹ̀jíṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóònù dúró, nítorí pé kì í ṣe orí dátà ni ó ń gbà wá. Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC, tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ló ní kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà gbé ètò yìí kalẹ̀ ní 2016. Bí ó bá jẹ́ pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣì wúlò fún yín, HELP ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà, wọn yóò sì sọ bí ẹ ṣe lè yan èyí tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Do Not Disturb, ìyẹn ètò inú fóònù tó máa ń pa ohùn ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, kí ẹ sì fi nọ́ńbà Màmá sí ara àwọn tí ìpè wọn lè dún.

Alàgbà kan, Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, ra Bíbélì oníwèé. Láti 1884 tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí odindi Bíbélì Yorùbá ti parí, n kò tíì gbọ́ pé ìpolówó dátà já lu ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Nínú Mátíù 6:6, Jésù ní kí a wọ yàrá lọ kí a sì ti ilẹ̀kùn. Bí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ nínú yàrá náà, gbogbo ayé lo kó wọlé.

Olùbéèrè:
Bàbá, ẹ ṣeun. Lẹ́tà Bíbélì tó wà nílé kéré fún ojú mi, a kì í sì í sábà ní iná ní ìdájí, ni mo ṣe gba ti fóònù. Ní ti nọ́ńbà Màmá, ibẹ̀ ló ti lọ́jú. Bátìrì fóònù tiwọn sábà máa ń kú, fóònù aládùúgbò tó bá wà nítòsí ni wọ́n fi ń pè mí. N kò mọ nọ́ńbà tí yóò wọlé.

Atúnfóònùṣe, Òṣogbo:
Ẹ wo inú Do Not Disturb yẹn kan náà, ẹ ó rí Repeat callers níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀kan kò ní dún, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà kan náà bá tún pè láàárín ìṣẹ́jú 15, yóò dún, ì báà jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ rí. Ti Android ni mo ń sọ o. Lórí iPhone, ìṣẹ́jú 3 péré ni. Ẹ sọ fún Màmá àti àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n máa pè lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Kí ẹ sì dán an wò lọ́sàn-án kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin kan, Èkó:
Ẹgbẹ́ akọrin yín náà lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, títí a fi fẹnu kò pé láti aago 9 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, àwọn admin nìkan ni yóò lè kọ ọ̀rọ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ fajú ro, pàápàá àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ lọ bá adarí yín sọ ọ́ lójúkojú, ẹ má gbé e sórí ẹgbẹ́, kí ó má di pé ẹ̀ ń bá ẹnì kan wí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti dán ìpè ẹlẹ́ẹ̀mejì wò láti abúlé pẹ̀lú nọ́ńbà tí n kò ní lórí fóònù mi, èkejì dún ketekete, Màmá sì ní àwọn ti há a sórí. Ọkọ mi yóò bá mi wá Bíbélì onílẹ́tà ńlá àti iná kékeré tí a lè gba agbára sí, kí fóònù lè máa wà lórí tábìlì ní pálọ̀ níbi tí mo ti lè gbọ́ ọ. Adarí akọrin ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé.