Ìbéèrè mi lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi wá sílẹ̀: ibi tó já sí

Ẹ kú àdúrótì mi. Mo bèèrè lóṣù tó kọjá bí mo ṣe lè mọ ohun tó ń lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní ilé búrẹ́dì wa n'Íbàdàn, torí "ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mà" ni gbogbo wọn ń sọ.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n san owó wọn pé kí n tó bi wọ́n ní ohunkóhun. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà gan-an ló ní ẹni tó ti lo ọdún 2, tí kò tíì pé 5, máa fi ọ̀sẹ̀ 2 sọ tẹ́lẹ̀ pé òun máa lọ, kí owó rẹ̀ sì pé kí ọjọ́ náà tó pé. Ta ló máa sòótọ́ nígbà tí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni?

Bí mo ṣe ṣe fún òṣìṣẹ́ kan tó ń lọ nìyẹn: mo san owó rẹ̀ pé, mo wá pè é jókòó. Alábòójútó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mi ò bi í pé kí ló dé. Mo ní, "Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rò ó pé o máa lọ?" Ó ń ha fúláwà tó gbẹ mọ́ ọ léèékánná, ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n yọ owó búrẹ́dì tó jóná nínú owó oṣù mi, mà. Èmi kọ́ ni mo wà nídìí ààrò lọ́jọ́ yẹn."

Mo yẹ ìwé wò, òótọ́ ni. Ó ti kan àwọn mẹ́ta mìíràn. A ti dá owó gbogbo wọn padà, a ò sì ní yọ ọ́ mọ́. Ó dùn mí pé òun ti lọ, torí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Mo pa ìbéèrè mi dé síbí. Ẹ ṣeun gan-an ni.