Èsì: Ìtúàṣírí ni àbí ìtalólobó? Lórí akọ̀ròyìn àti ogun àṣesẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, lórí orúkọ tó yẹ ká máa fi Yorùbá pe àwọn nǹkan wọ̀nyí, ní ká máa pe iṣẹ́ tí àwọn ológun bá ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ní "ogun abẹ́lẹ̀", kí ohun tí akọ̀ròyìn tó gbé e síta ṣe sì máa jẹ́ "ìtúàṣírí". Àbúrò wa tó ń gbé ní London ní ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀ jù, pé "ọ̀dàlẹ̀" ni ká pe irú akọ̀ròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó mú wá ni ti Prince Harry: àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà láti pa ẹnu mọ́ nígbà tó wà lójú ogun ní Afghanistan, àfi ìgbà tí Drudge Report, ojúlé ìròyìn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2008, tí wọ́n sì sáré dá a padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti "ogun abẹ́lẹ̀" kí n kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ àmì orí àti àmì ìdí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣe máa ń ṣe, "ogun abele" ló kù, ogun Biafra ọdún 1967 sí 1970 ni òǹkàwé yóò sì rò pé à ń sọ. Ìyẹn nìkan tó láti fi kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kódà bí gbogbo ayé bá ń fi àmì sí i, oríṣi ìkọ̀kọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà dì pọ̀ sínú ẹrù kan.

Ọ̀kan ni èyí tí ẹ rí ní Baga. Ní ìparí ọdún 2018, àwọn agbésùnmọ̀mí gba Baga ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2019, ìwé ìròyìn Daily Trust gbé ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ ogun ń múra láti lọ gba ìlú náà padà. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn sójà ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Àbújá àti Maiduguri, wọ́n kó kọ̀ǹpútà, wọ́n mú akọ̀ròyìn lọ. Ẹ̀sùn tí agbẹnusọ ológun kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé ìròyìn náà jẹ́ kí Boko Haram mọ ètò ogun ṣáájú, kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọmọ ogun Nàìjíríà ló máa lọ, kò sì sẹ́ni tó máa sẹ́ ẹ tí wọ́n bá ti gba ìlú náà tán. Ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà nìkan ni wọ́n fi pamọ́. Mo lè pe ìyẹn ní "ètò ogun bòńkẹ́lẹ́", bí a ṣe ń sọ pé ìpàdé bòńkẹ́lẹ́.

Èkejì ni ogun tí ẹni tó ń jà á máa sẹ́, lánàá, lónìí àti lọ́la. Ní oṣù Kẹta ọdún 1969, Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù ju bọ́ǹbù sí Cambodia, wọ́n sì yí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn bàálù náà kó lè dà bíi pé Vietnam ni wọ́n lọ. Irú èyí ni mo fẹ́ ká máa pè ní "ogun àṣesẹ́": a ṣe é, a sì sẹ́ ẹ. Ẹ wo àṣejù, ẹ wo àṣedànù, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà èdè wa ló gbà.

Tí a bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn á yanjú díẹ̀. A ti ní "ta lólobó" nílẹ̀ tipẹ́, n kò sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi mú un wá. Ẹni tó bá sọ fún olè pé ọlọ́pàá ń bọ̀, ó ta á lólobó. Ẹ̀sùn tí àwọn ológun fi kan Daily Trust nìyẹn, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ìtúàṣírí. (Bóyá wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ tàbí wọn ò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe sójà tó gbé ìbọn wọ ọ́fíìsì.) Ọ̀rọ̀ ìṣe náà sì ní àdámọ́ kan: a kì í ta ẹni tó ti mọ̀ lólobó. Nígbà tí akọ̀ròyìn William Beecher kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Times ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1969 pé wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí Cambodia, ta ló ta lólobó? Ṣé àwọn tí bọ́ǹbù ń já lé lórí? Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń san owó bọ́ǹbù náà nìkan ni kò mọ̀. Kàkà kí Nixon dá wọn lóhùn, ó ní kí àwọn agbófinró máa fetí kọ́ fóònù àwọn akọ̀ròyìn àti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ìtúàṣírí gidi nìyẹn, n kò sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá bá kọ "Àṣírí tú!" gàdàgbà sí iwájú ìwé, ìwà ibi ni a máa ń retí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti "ọ̀dàlẹ̀", ó dọwọ́ ilẹ̀ tí wọ́n jọ mu. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ìjọba wọn ṣe àdéhùn lórí Harry; Drudge Report kò sí níbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Ó ta ọ̀tá lólobó, mo gbà, ìyẹn sì burú tó láìfi ọ̀dàlẹ̀ kún un.

Ẹnìkan lè ní àsìkò ló ya méjèèjì: ohun tó ń bọ̀ ni ìtalólobó, ohun tó ti kọjá ni ìtúàṣírí. Ohun tí Jeffrey Goldberg, olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic ní Amẹ́ríkà, ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2025 fẹ́ gbe onítọ̀hún. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ṣèèṣì fi í sínú àwùjọ kan lórí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, níbi tí Pete Hegseth, olórí iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà, ti ń kọ aago tí bàálù máa gbéra lọ kọlu àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní Yemen. Ó mọ̀ ṣáájú, ó dákẹ́, ìgbà tó di ọjọ́ 24 ló tó kọ̀wé. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde fún aráyé kà.

Ṣùgbọ́n Kúbà kò jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1961, New York Times ní ìròyìn akọ̀ròyìn wọn, Tad Szulc, lọ́wọ́, pé àwọn ọmọ Kúbà tó sá kúrò nílé ti ń múra láti padà lọ bá Castro, olórí Kúbà, jà. Wọ́n yọ orúkọ CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, kúrò, wọ́n yọ ọ́ pé ìkọlù náà ti dé tán, wọ́n sì dín àkọlé rẹ̀ kù. Ní ọjọ́ 17, nǹkan bí 1,400 ènìyàn gúnlẹ̀ sí Playa Girón, etí òkun kan ní Kúbà. Ó lé ní 100 tó kú, ó lé ní 1,000 tí wọ́n kó nígbèkùn. Ohun tó ń bọ̀ ni ìròyìn náà ń sọ, síbẹ̀ Castro ti ń retí wọn: ìwé ìròyìn ní Guatemala ti kọ nípa ibùdó wọn láti oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, tó bá àwọn olówó ìwé ìròyìn wí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin yẹn kan náà pé kí wọ́n máa ro ààbò ìlú, ló tún wá sọ fún Turner Catledge, olóòtú New York Times, pé ká ní wọ́n tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọn ì bá gba ìjọba òun lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá. Nítorí náà, ẹni tí a ń fi pamọ́ fún ni mo fẹ́ kó wà nínú ìtumọ̀ tí a máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe aago.

Ohun kan ṣì kù tí n kò ní orúkọ fún: èyí tí New York Times ṣe fún ìròyìn Szulc, tí wọ́n tẹ ẹ́, àmọ́ tí wọ́n ti yọ ata inú rẹ̀. "Ìbomilà" ni mo ń lò fúnra mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ olóòtú rí, kí lẹ máa ń pè é láàárín ara yín?