Tábìlì blackjack tó fara balẹ̀ ní Las Vegas: níbo ni kí n jókòó sí?

Àdùkẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ń lọ sí Las Vegas lóṣù tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ dolówó níbẹ̀. Blackjack ni mo fẹ́ràn, tẹ́tẹ́ káàdì téèyàn ti ń gbìyànjú kí àròpọ̀ káàdì rẹ̀ sún mọ́ 21 ju ti apínkáàdì lọ, láì kọjá 21. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ti mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn gba káàdì sí i àti ìgbà tó yẹ kó dúró. Ohun tí mo ń wá ni tábìlì tí mo ti lè jókòó jẹ́jẹ́, kí n máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tàkúrọ̀sọ, kí apínkáàdì má kán mi lójú, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo mọ́ mi pé mo ba eré òun jẹ́. Dọ́là 200 ni mo yà sọ́tọ̀ fún òòjọ́ kan. Tó bá ti tán, mo dìde nìyẹn. Wọ́n ní tábìlì dọ́là 10, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé dọ́là 10 lówó tó kéré jù téèyàn lè fi lélẹ̀, ṣì wà ní Strip, òpópónà tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńlá wà. Ṣé kí n kàn lọ jókòó síbẹ̀, àbí Fremont Street ló dára jù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Káyọ̀dé:
Fremont Street ni, Àǹtí. Inú ìlú àtijọ́ ni, owó ibẹ̀ kì í sábà ga tó ti Strip, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì máa ń yá mọ́ àlejò. Ilé tẹ́tẹ́ El Cortez wà níbẹ̀ láti 1941, àwọn tó fẹ́ràn blackjack sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ lọ láàárọ̀, láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tábìlì dọ́là 10 lè ti di dọ́là 25 kí ẹ tó rí àga.

Dáre:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Mo ṣiṣẹ́ apínkáàdì ní Vegas kí n tó fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń sáré lọ síbi tí pátákó dọ́là 10 wà. Pátákó yẹn kọ́ ló máa sọ iye tí eré náà máa ná yín. Ẹ wo aṣọ tábìlì fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: blackjack ń san 3 to 2, tàbí 6 to 5. Tó bá jẹ́ 6 to 5, ẹ má jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀. Ẹ fi dọ́là 10 lélẹ̀, Ace àti King wọlé fún yín, 21 pé lẹ́ẹ̀kan náà: ìyẹn là ń pè ní blackjack. Tábìlì 3 to 2 á san dọ́là 15, ti 6 to 5 á san 12. Nínú nǹkan bí ọwọ́ 21, ìyẹn ìgbà 21 tí wọ́n bá pín káàdì fún yín, ẹ̀ẹ̀kan ni blackjack máa ń wọlé, nítorí náà dọ́là mẹ́ta yẹn á máa jò lọ títí. Fún ẹni tó mọ eré náà ṣe, ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 owó tó bá fi lélẹ̀ ní tábìlì 6 to 5. Ní tábìlì 3 to 2 tí òfin rẹ̀ kò burú, kò ju nǹkan bí 0.6 lọ. Ká ní ọwọ́ 60 lẹ ṣe ní wákàtí kan. Tábìlì dọ́là 10 tó ń san 6 to 5 á gba nǹkan bí dọ́là 12 lọ́wọ́ yín bí a bá pín in dọ́gba. Tábìlì dọ́là 15 tó ń san 3 to 2 kò ní gba tó 6. Ẹ rí i pé èyí tí pátákó rẹ̀ wọ́n ló rọjú jù.

Ohun tó tún kàn ni bí eré ṣe ń yára tó. Bí ẹ bá dá nìkan jókòó, mo lè pín ju ọwọ́ 200 fún yín ní wákàtí kan, owó yín á sì tètè rìn. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọwọ́ 60 ni, ẹ sì ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ sá fún ibi tí ẹ̀rọ ti ń po káàdì láì dáwọ́ dúró. Níbi tí apínkáàdì ti ń fi ọwọ́ pò ó, ẹ máa ń rí àyè mí, ẹ mu omi, ẹ bá ara yín rẹ́rìn-ín.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ dúró lẹ́yìn àwọn tó ń ta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ máa wo apínkáàdì. Àròpọ̀ káàdì ẹnì kan jẹ́ 16, ó ń ronú: ṣé apínkáàdì ń dúró dè é, ó ń pe àròpọ̀ káàdì rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́, àbí ìka rẹ̀ ti ń gbá aṣọ tábìlì? Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ tábìlì tó fara balẹ̀. A kì í pẹ́ lójú kan, ẹlòmíì á wá gba ipò wa, nítorí náà bí ẹni tuntun bá ń kánjú, ẹ kó chips yín (àwọn ike tẹ́ ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ dípò owó), ẹ máa lọ.

Àga tó gbẹ̀yìn, èyí tí káàdì ń dé kẹ́yìn kó tó kan apínkáàdì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ làwọn kan máa ń bínú sí pé ó gba káàdì tó yẹ kó ba ti apínkáàdì jẹ́. Irọ́ ni. Káàdì tẹ́ ẹ gbà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe lè pa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n àlàáfíà lẹ ń wá, ẹ jókòó sáàárín.

Mopélọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n Dáre, ẹ ṣeun. Àǹtí, ẹ fi èyí kún un: lẹ́bàá ibi tẹ́ ẹ máa fi owó yín sí, ẹ ó rí àwọn òbìrípo kéékèèké fún tẹ́tẹ́ àfikún, bíi 21+3. Ẹ má fọwọ́ kàn án, èrè ilé tẹ́tẹ́ níbẹ̀ ga gan-an. Bí apínkáàdì bá ṣí Ace, tó ń bèèrè bóyá ẹ fẹ́ insurance, ìyẹn tẹ́tẹ́ àfikún pé apínkáàdì ní blackjack, ẹ ní rárá, kódà bí 20 bá wà lọ́wọ́ yín.

Káàdì pélébé tí wọ́n tẹ ìlànà eré sí wà, ẹ lè gbé e sórí tábìlì, ẹ wò ó. Wọn ò ní lé yín. Èmi ń gbé tèmi dání títí dòní, mo sì ti rí apínkáàdì tó na ọwọ́ sí i láti fi ìlà tó yẹ kí n wò hàn mí.

Bí ojú bá ṣì ń tì yín, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta á lójú ẹ̀rọ.

Dáre:
Àbúrò mi Mopé, ti ojú ẹ̀rọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń san 6 to 5, kò sì sí ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ torí rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù tẹ́ ẹ sọ, mo fara mọ́ ọn.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi ti balẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ló kù. Bí wọ́n bá gbé owó tábìlì sókè nígbà tí mo ti jókòó ńkọ́? Báwo ni mo sì ṣe máa ta apínkáàdì lọ́rẹ, ṣé kí n fi í lé e lọ́wọ́ ni?

Dáre:
Bí wọ́n bá gbé e sókè, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí àwọn tó ti wà níjòókòó máa ta á ní iye àtijọ́. Ẹ bi apínkáàdì léèrè, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi lé wa lọ́wọ́, nítorí kámẹ́rà tó wà lókè. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra chips, orí aṣọ tábìlì lẹ máa tẹ́ ẹ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ káàdì sí i, ẹ fi ìka kan tábìlì. Tó bá tó, ẹ ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún lókè káàdì yín. Níbi tí wọ́n bá ti ṣí ojú káàdì sókè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Chips tẹ́ ẹ ti fi lélẹ̀ náà, ẹ má tún un tò tí pípín bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọrẹ, ẹ gbé chips kan síwájú tiyín kí wọ́n tó pín, ẹ ní ti apínkáàdì ni. Bí ẹ bá jẹ, òun náà jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.