Kọ́ọ̀sì wo ló jinlẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù áàpù tó lè gba èrò rẹpẹtẹ?

àṣẹ̀ṣẹ̀yọ_dev:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mò ń wá kọ́ọ̀sì tó jinlẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ wẹ́ẹ̀bù áàpù tí kò ní dákú tí èrò bá ya wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ React, mo gbọ́ Node, mo ń lo PostgreSQL dáadáa, torí náà kì í ṣe ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá o. Èyí tí mò ń rí, wọ́n á kọ advanced sí i gàdàgbà, tó o bá ṣí i, to-do list náà ni, wọ́n á wá ju Docker sí i nígbẹ̀yìn. Áàpù tá à ń kọ níbi iṣẹ́, tí igba èèyàn bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló máa ń wọ́ bí ìgbín, CPU ò sì ga. Ọ̀gá ní ká gé e sí microservices, ìyẹn áàpù kéékèèké tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kí ni kí n lọ kọ́? Ọ̀fẹ́ o, olówó o, ẹ sọ ọ́.

Raft_ló_kù:
Ọ̀rẹ́, MIT 6.824 ni, Distributed Systems, wọ́n ti sọ nọ́ńbà ẹ̀ di 6.5840 báyìí. Fídíò tí Robert Morris fi kọ́ wọn ní 2020 wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n má kàn jókòó máa wo fídíò, lab ẹ̀ ni kó o ṣe. Go ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wàá kọ MapReduce tó ń pín iṣẹ́ ńlá fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, wàá fọwọ́ ara ẹ kọ Raft tó ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà fẹnu kò sórí nǹkan kan náà. Raft yẹn á fojú ẹ rí nǹkan! Test á yege yege, á ṣàdédé fèèlì, kó o tó mọ̀ pé goroutine méjì (iṣẹ́ tí Go ń ṣe pa pọ̀) ló jọ ń fọwọ́ kan nǹkan kan náà. Máa fi -race sí i tó o bá ń ṣe test, òun ló ń tú irú àṣìṣe yẹn fó.

Bàbá_Dátábéèsì:
MIT yẹn dáa, mi ò ní kò dáa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa wo ohun tó ń ṣe áàpù ẹ. Igba èèyàn kọ́ là ń pè ní èrò. CPU ò ga, áàpù ń falẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń dúró de nǹkan kan, ibi dátábéèsì sì ni màá ti kọ́kọ́ wò. Pool (àkójọ connection sí dátábéèsì) inú pg, láíbúrárì tẹ́ ẹ fi ń so Node mọ́ PostgreSQL, tẹ́ ò bá fọwọ́ kan sẹ́tìnì ẹ̀, connection 10 péré ló ń ṣí. Tí query (ìbéèrè sí dátábéèsì) mẹ́wàá bá ń lo ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, ọ̀nà ti dí nìyẹn, gbogbo ẹni tó kù á tò sẹ́yìn. Fi EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń fi bí PostgreSQL ṣe ń ṣe query hàn, wo èyí tó lọ́ra jù, tó o bá rí Seq Scan (kíka gbogbo ìlà láti òkè délẹ̀) lórí tábìlì ńlá, tó sì jẹ́ pé ìlà díẹ̀ lò ń mú níbẹ̀, index ló ń wá, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà. Ti kọ́ọ̀sì, CMU 15-445 ti Andy Pavlo, òun náà wà lórí YouTube. C++ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, tí ìyẹn bá le, wo ti index àti ti concurrency control (bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lo dátà kan náà láìda ara wọn rú) nìkan. Microservices kẹ̀? Query tó lọ́ra, tẹ́ ẹ bá pín in sí service mẹ́fà, á ṣì lọ́ra, wàhálà network á tún gorí ẹ̀.

p99_àgbà:
Mo wà lẹ́yìn Bàbá. Tó o bá fẹ́ sanwó fún kọ́ọ̀sì kankan, ka ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ ná, tí kò bá sí load test (dída èrò bo áàpù láti dán an wò), tí kò sí queue (ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró), tí wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí replica (ẹ̀dà dátábéèsì) bá ń rìn lẹ́yìn primary (ojúlówó ẹ̀), fi owó ẹ sápò. Kó o sì fi k6, irinṣẹ́ load test, lu áàpù ẹ fúnra ẹ, má wo average o, p99 ni kó o wò, ìyẹn àkókò tí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún request kò kọjá.

àṣẹ̀ṣẹ̀yọ_dev:
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Mo ti wò ó, Seq Scan ni lóòótọ́, lórí user_id nínú tábìlì orders, foreign key ni (ó ń tọ́ka sí tábìlì mìíràn), mo rò pé òun fúnra ẹ̀ á ní index.

Bàbá_Dátábéèsì:
PostgreSQL kì í ṣe ìyẹn fúnni, ìwọ lo máa ṣe é. Lo CREATE INDEX CONCURRENTLY lórí production (ibi tí àwọn èèyàn ti ń lo áàpù gangan), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sẹ́ni tó máa lè kọ nǹkan sínú tábìlì yẹn títí á fi parí. Má sì fi í sínú transaction (àkópọ̀ àṣẹ tó ń jọ yege tàbí jọ fèèlì), kò ní gbà.