“Apa-” kò yẹ tamoxifen

Ẹ̀yin ará wa,

Mo rí “apajẹjẹrẹ” tí ọ̀gá wa kan dábàá lánàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọyàn, àti àwọn oògùn ẹbí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. “Pa” yẹn ló bà á jẹ́.

Inú kóró sẹ́ẹ̀lì (nucleus) ni olùgbà (receptor) estrogen wà, ìyẹn èròjà tó ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ estrogen, họ́mónù obìnrin. Olùgbà yìí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Elwood Jensen ṣiṣẹ́ lé lórí ní Chicago ní ìparí àwọn ọdún 1950. Estrogen á wọlé, á jókòó sínú ihò olùgbà, apá kan lára olùgbà á sì dé mọ́ ọn lórí bí ọmọrí ìkòkò. Ìgbà náà ni àṣẹ á jáde pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín. Bí tamoxifen bá ti gba ibẹ̀, ọmọrí kò lè dé bó ṣe yẹ mọ́, ìpín á sì dáwọ́ dúró. Ikú dà níbẹ̀?

Ọ̀gá wa ní “pa” kì í ṣe ikú nígbà gbogbo, pé a ń paná, a ń palẹ̀kùn dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ apakòkòrò, ikú ló máa gbọ́. Mo ti ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni oògùn fún àwọn ìyá tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tipẹ́. Tí kókó bá ti lọ, wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á pa oògùn tì. Bẹ́ẹ̀ ọdún 5, nígbà míì 10, ni wọ́n ń lò ó! Àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn àgbà wa ń wí. Wọn kì í fi ohun tí oògùn kò ṣe sórúkọ rẹ̀.

“Adènà” tí àbúrò wa kan mú wá dípò rẹ̀ sàn, àmọ́ kò tó. Ọyàn ni tamoxifen ti ń dènà. Nínú eegun àti ilé ọmọ, ṣe ló ń ṣe bí estrogen fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ó gba ipò ẹlòmíì, ohun tó sì ń fi ipò náà ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. “Agbapò” ni mo fọwọ́ sí.

ATRA, oògùn tó jẹ́ ẹ̀yà fítámì A, tí oníṣègùn Wang Zhenyi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ní Shanghai ní 1985 tún yàtọ̀. Olùgbà mìíràn nínú kóró ló ń bá ṣiṣẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò dàgbà á fi wá dàgbà. “Amúdàgbà” ló tọ́ sí i.

Ẹni tó sì kọ “àgbà inú kóró” fún olùgbà, ẹ jọ̀wọ́, àmì ohùn yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tó lọ́jọ́ lórí. Ẹ dá “olù-” padà síbẹ̀.