Ọ̀rọ̀ ogúnléndé ni wọ́n ní kí n wá sọ, àmọ́ ẹkún ni wọ́n fẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Sábẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Sábẹ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán, mo sì ń kọ̀wé. Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò ni wọ́n bí mi sí, àwa Ifẹ̀, ẹ̀yà Yorùbá tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 2005, Eyadéma, ààrẹ Tógò, kú ní oṣù kejì, wọ́n dìbò ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ìlú bá dàrú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àwọn tó kú tó 400 sí 500. Bàbá mi wà nínú wọn. Bí 40,000 èèyàn ló sá wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà. Èmi àti ìyá bàbá mi bá ara wa ní àgọ́ Agamé, lẹ́bàá Lokossa. CM1, kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo wà nígbà náà.

Ibẹ̀ ni mo ti di akọ̀wé. Àwọn àgbà tí kò mọ̀wé máa ń pè mí kí n bá wọn kọ lẹ́tà sílé. Wọ́n á sọ ọ́ ní èdè Ewe, èmi á kọ ọ́ ní Faransé, àwọn ìyá oníṣòwò tó ń gba ẹnubodè Hillacondji kọjá á bá wa mú un lọ. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń san owó mi, ìgbà mìíràn ẹ̀wà díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n pín fún wọn. Wọn kì í sì í jẹ́ kí n kọ ìyà. Òjò wó àgọ́ aṣọ bàbá kan lé e lórí lóru. Ní àárọ̀, ẹní rẹ̀ ṣì ń kán tótó lórí okùn nígbà tó ní kí n kọ ọ́ pé: "Ara wa le, ibùsùn wa dára, ẹ bá mi tọ́jú ewúrẹ́ yẹn." Mo gbójú sókè wò ó. Ó ní, "Ọmọ, kọ ohun tí mo sọ." Mo kọ ọ́.

Àwọn lẹ́tà yẹn ni ìwé mi dá lé. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, àwọn lẹ́tà nìkan ló wà ní Faransé. Mo ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́ kan níbí, àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀. Wàyí o, àwọn kan ní Kétu pè mí fún ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, Àyájọ́ Àwọn Ogúnléndé Lágbàáyé. Owó wọn dára, òun ni mo sì fẹ́ fi tẹ ìwé náà. Ni ẹni tó ń ṣètò bá pè mí, ó ní kí n dín ọ̀rọ̀ lẹ́tà kù, kí n sọ bí wọ́n ṣe pa bàbá mi, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn á ti sunkún. Ó tún béèrè bóyá mo ní aṣọ tó ti gbó. Èmi, aránṣọ! Ìyá àgbà ṣì wà láyé, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé ikú ọmọ òun kiri. Ṣé kí n lọ, àbí kí n ní mi ò ṣe mọ́?

Tíṣà_Kétu

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níbí. Àwọn asọ̀rọ̀ ìwúrí tí mo ti jókòó gbọ́ kò níye: bí mo ṣe ṣe é, ẹ̀yin náà á ṣe é. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, ó ti tán. Ti ewúrẹ́ yẹn kò ní kúrò lọ́kàn wọn. Ẹ pín bébà fún wọn, kí kálukú kọ lẹ́tà sí ẹnì kan tó jìnnà, kó má sì fi ìyà kankan sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní Èkó. Ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ wọ́n á béèrè bàbá yín o. Ọmọdé kì í fi ìbéèrè sínú. Ẹ ti mú gbólóhùn kan dání: wọ́n pa á nígbà rògbòdìyàn ìbò, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí. Wọ́n á gbà.

Ọmọ_Ìdènà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó bá kó owó kalẹ̀ ní ohun tó fẹ́ gbọ́. Ẹ sunkún díẹ̀, ẹ gba owó yín, ẹ fi tẹ̀wé. Ìtàn ìbànújẹ́ ló ń tà.

Ìyá_Àkóbí_Àjàṣẹ́

Ọmọ Ìdènà, ó ń tà lóòótọ́. Ta wá ni wọ́n ń tà? Clemantine Wamariya, ọmọ Rwanda, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sá lọ́dún 1994. Ilẹ̀ méje ni wọ́n gbà kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Lọ́dún 2006, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Oprah Winfrey, wọ́n ṣàdédé mú àwọn òbí wọn jáde sí wọn, gbogbo ayé ń wò. Ó di asọ̀rọ̀, ó kọ̀wé, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe ohun tó rọrùn kí wọ́n máa fi èèyàn ṣe ìran. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ti lọ sùn, ìwọ lo máa gbé e délé.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, lọ jókòó ti ìyá àgbà kó o tó dá wọn lóhùn. Òun ló bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi pa àwùjọ lẹ́kún. Ohun tó o bá sì máa sọ, kọ ọ́ sínú bébà, kí wọ́n fọwọ́ sí i kó o tó gba kọ́bọ̀.

Atẹ̀wé_Wàndó

Èmi ò ní dá sí ti ẹkún. Ojú-ìwé mélòó ni? Bí kò bá ju 60 lọ, píìnì la máa fi dè é láàárín, kò wọ́n. Àmọ́ iye ojú-ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, torí bébà kan tí a ṣẹ́ po, ojú mẹ́rin ló ń fún wa. Ẹ má gbàgbé dépôt légal o: Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà sílẹ̀ níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Sábẹ

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó ní kí Ọmọ Ìdènà lọ bá wọn sunkún, òun á bá a wá aṣọ tó gbó 😂. Ó gbà kí n dárúkọ bàbá mi, kí n sọ pé káfíńtà ni, pé bẹ́ǹṣì tó kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà ní Atakpamé. Ti ikú, rárá. Mo ti pe ẹni tó ń ṣètò: lẹ́tà ni mo máa sọ, bébà àti bírò ni kó bá mi rà, aṣọ tí mo rán fúnra mi ni mo máa wọ̀. Ó ní òun á bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Kò tíì pè padà, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bà mí mọ́.

Atẹ̀wé, 54 ni. Ṣé kí n yọ méjì ni, àbí kí n fi méjì kún un?

Atẹ̀wé_Wàndó

Ẹ fi kún un, kó di 56. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, kì í ṣe Word, torí àwọn àmì ohùn máa ń fò dànù lórí ẹ̀rọ mi.